Kí Ni Nọ́ńbà Yìí Dúró Fún? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ìwọ̀n, Ọjà Títà àti Ìṣirò Ìfiwéra Owó

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ okòwò, mo kí yín. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ okòwò fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, a sábà máa ń ya orí mẹ́ta sọ́tọ̀ bí ẹni pé wọn kò bára tan rárá. Orí kan wà fún ìwádìí àti bí a ṣe ń wọn nǹkan, òmíràn wà fún ọjà títà, ẹ̀kẹta sì wà fún ìṣirò tí a fi ń mọ bí ara ilé-iṣẹ́ ṣe le sí láti inú ìwé owó rẹ̀. Olùkọ́ wọn kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà, ìdánwò wọn sì yàtọ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín lónìí ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: nọ́ńbà tí a kọ sílẹ̀ yìí, kí ni ó dúró fún? Ẹni tí kò bá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí lè mọ ìṣirò dunjú, kí ó sì ṣìnà pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1946, Stanley Smith Stevens, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Harvard, tẹ àròkọ kúkúrú kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science, níbi tí ó ti pín òṣùwọ̀n sí ọ̀nà mẹ́rin. Ìpín yẹn ni a ṣì fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ okòwò káàkiri ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ìṣirò kan kò yé bá a jiyàn. Ọ̀nà kìíní ni òṣùwọ̀n orúkọ, níbi tí nọ́ńbà kò ti ju àmì ìdánimọ̀ lọ. Bí a bá kọ 1 fún oníbàárà tó ra ọjà nínú ilé ìtajà, tí a sì kọ 2 fún ẹni tó rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a kò sọ pé ẹnì kejì ju ẹnì kìíní lọ ní ohunkóhun. Bí nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ agbábọ́ọ̀lù ni ó rí, nítorí kò sí ẹni tí yóò sọ pé agbábọ́ọ̀lù tó wọ 10 tó ẹni méjì tó wọ 5. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í kọ iṣẹ́. Bí ẹ bá ní kí ó ṣírò ìpíndọ́gba àwọn àmì wọ̀nyí, yóò ṣírò rẹ̀, yóò sì gbé 1.4 jáde láìtijú, 1.4 náà kò sì ní ní ìtumọ̀ kankan.

Ọ̀nà kejì ni òṣùwọ̀n ipò. Ó ń sọ ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kò sọ bí àlàfo àárín wọn ṣe tó. Nínú eré sísá, ẹni kìíní lè fi odindi ìṣẹ́jú kan ṣáájú ẹni kejì, kí ẹni kejì sì fi ìṣẹ́jú àáyá kan péré ṣáájú ẹni kẹta. Bí ìka kò ṣe dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo àárín ipò kò dọ́gba. Ọ̀nà kẹta ni òṣùwọ̀n tí àlàfo rẹ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n tí òdo rẹ̀ jẹ́ àdéhùn lásán, bí ìwọ̀n ooru lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láti 10 dé 20 àti láti 20 dé 30, ìwọ̀n kan náà ni, àmọ́ a kò lè sọ pé ọjọ́ tó wà ní 20 gbóná ní ìlọ́po méjì ọjọ́ tó wà ní 10, nítorí pé 0 níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ooru ti tán. Ọ̀nà kẹrin ni èyí tí òdo rẹ̀ jẹ́ òdo tòótọ́: ìwúwo, gígùn, iye ọjà tí a tà, iye owó tó wọlé. Orí èyí nìkan ni ẹnu wa ti gbà láti sọ pé ohun kan jẹ́ ìlọ́po méjì tàbí ìdajì òmíràn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ òdo yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀ kí n tó jókòó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan oníṣòwò jù ni fọ́ọ̀mù ìbéèrè. Rensis Likert, ará Amẹ́ríkà, ló gbé irú òṣùwọ̀n tí gbogbo wa mọ̀ jáde ní ọdún 1932: a ó sọ gbólóhùn kan, a ó sì ní kí olùdáhùn mú ọ̀kan nínú ìdáhùn márùn-ún, láti orí “mi ò fara mọ́ ọn rárá” títí dé orí “mo fara mọ́ ọn gan-an”. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, ipò ni 1 dé 5 yẹn. Kò sí ẹni tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àlàfo láti 1 dé 2 nínú ọkàn ènìyàn bá àlàfo láti 4 dé 5 mu. Síbẹ̀, lemọ́lemọ́ ni a ń ka ìròyìn pé ìtẹ́lọ́rùn oníbàárà ti gòkè láti 3.8 sí 3.9, tí ọ̀gá yóò sì pa àtẹ́wọ́. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣírò ìpíndọ́gba. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀, àròpọ̀ gbólóhùn púpọ̀ tó ń tọ́ka sí ohun kan náà, èyí tí Likert fúnra rẹ̀ gbà lò, sì lágbára ju gbólóhùn kan ṣoṣo lọ. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí ẹni tó kọ ìpíndọ́gba sílẹ̀ tún fi iye ènìyàn tó mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan hàn wá. Ilé-iṣẹ́ tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ mú 3, àti ilé-iṣẹ́ tí ìdajì oníbàárà rẹ̀ mú 1 tí ìdajì yòókù mú 5, ìpíndọ́gba kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n àìsàn wọn kò jọra, oògùn wọn kò sì lè jọra.

Ohun méjì ni a máa ń bi òṣùwọ̀n kí a tó gbà á gbọ́. Ìkíní ni àìyẹsẹ̀: bí a bá wọn ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ṣé iye kan náà ni yóò sọ? Ìkejì ni ìjóòótọ́: ṣé ohun tí a ní a fẹ́ wọ̀n gan-an ni ó wọ̀n? Òṣùwọ̀n tó máa ń fi kílò mẹ́ta kún ìwúwo gbogbo ẹni tó bá gun orí rẹ̀ kò yẹsẹ̀ rárá, irọ́ ló sì ń pa láràárọ̀. Nínú méjèèjì, ìjóòótọ́ ló ṣòro jù, nítorí pé a lè ṣírò àìyẹsẹ̀ láti inú nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ìjóòótọ́ ń béèrè pé kí a gbójú kúrò lára nọ́ńbà, kí a wo ayé.

Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù lójú mi ni ti Coca-Cola ní ọdún 1985. Ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ yí adùn ohun mímu rẹ̀ padà, wọn kò sì fi ìkánjú ṣe é. Nǹkan bí 200,000 ènìyàn ni wọ́n fún ní ohun mímu náà tọ́ wò, adùn tuntun ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì yàn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ni wọ́n gbé e jáde. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ìpè tí àwọn oníbàárà ń pe ilé-iṣẹ́ náà lórí fóònù ti kúrò ní 400 lójúmọ́, ó ti di 1,500, inú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè kò sì dùn. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje, lẹ́yìn ọjọ́ 79, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé adùn àtijọ́ ń padà bọ̀. Kò sí ẹni tó lè fi ìwà àìbìkítà kan àwọn olùwádìí yẹn, nítorí ènìyàn 200,000 kì í ṣe kékeré. Ohun tí wọ́n wọ̀n ni adùn tí ènìyàn rí nínú ife kékeré kan. Ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ ni ohun tí ènìyàn yóò ṣe bí a bá gba ohun tó ti mọ̀ láti kékeré mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyẹn kò sì sí nínú ife.

Ẹ má sì ṣe rò pé bí a bá ti bi ènìyàn tó pọ̀ léèrè, ohun gbogbo ti tọ́. Ní ọdún 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest fi ìwé ìbéèrè mílíọ̀nù mẹ́wàá ránṣẹ́ lórí ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà, ohun tó ju mílíọ̀nù méjì lọ sì padà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní Alf Landon ni yóò wọlé. Franklin Roosevelt gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Inú ìwé nọ́ńbà fóònù àti àkọsílẹ̀ àwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti fa ọ̀pọ̀ orúkọ jáde, ní àkókò tí ọ̀wọ́ngógó owó kò jẹ́ kí tálákà ní fóònù tàbí mọ́tò, àwọn tó sì dáhùn kò jọ àwọn tó dákẹ́. Èmi náà kò mọ́ tónítóní nínú irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́, mo kọ ìbéèrè kan sínú fọ́ọ̀mù mi pé, “Ṣé iye owó wa àti ìtọ́jú wa tẹ́ yín lọ́rùn?” Àìmọye ènìyàn ló dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì mọ̀ títí di òní èwo nínú méjèèjì ló tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ọjà títà wá ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń ka owó ni mo fẹ́ fi wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1879, James Ritty, tó ní ilé ọtí ní ìlú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio, ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa ṣàkọsílẹ̀ owó tó bá wọlé, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń yọ́ owó rẹ̀ kó. Nígbà tó yá, òwò ẹ̀rọ náà bọ́ sọ́wọ́ John H. Patterson, ẹni tó rà á ní 1884 tó sì sọ ọ́ di National Cash Register. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí ni pé ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ tó ń ka owó náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí olùtajà ń ṣe. Ó pín àgbègbè fún olúkúlùkù, ó dá iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà fún wọn, ó sì ní kí wọ́n há ọ̀rọ̀ tí wọn yóò bá oníbàárà sọ sórí. Thomas Watson, tó wá sọ IBM di ilé-iṣẹ́ ńlá, abẹ́ Patterson ló ti kọ́ iṣẹ́ ọjà títà.

Ìpele tí ìwé ẹ̀kọ́ máa ń tò fún olùtajà kò le láti rántí. Yóò wá ẹni tó ṣeé ṣe kí ó rà, yóò ṣe ìwádìí nípa rẹ̀, yóò tọ̀ ọ́ lọ, yóò fi ọjà hàn án, yóò dáhùn àtakò rẹ̀, yóò bèèrè pé kí ó rà, yóò sì padà lọ wò ó lẹ́yìn tí ó bá rà tán. Ohun tí ìwé kì í sábà tẹnu mọ́ ni pé ìpele wọ̀nyí jẹ́ ibi ìkànìyàn. Ẹ wo olùtajà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá 100 ènìyàn sọ̀rọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì rí mẹ́rin tà fún. Ní ti ẹni kìíní, 20 ló gbà kí ó wá ṣàlàyé, 10 bèèrè iye owó, 4 rà. Ní ti ẹni kejì, 60 gbà kí ó wá ṣàlàyé, 40 bèèrè iye owó, 4 rà. Bí ọ̀gá wọn bá wo ìparí nìkan, ó ní ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni kìíní ń pàdánù ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n bá sì ti bèèrè iye owó lọ́wọ́ rẹ̀, mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló ń rà. Ẹni kejì ń fa ènìyàn mọ́ra bí oyin, ó sì ń sọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá nù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dórí owó. Ẹ̀kọ́ tí a ó fún àkọ́kọ́ yóò ba ìkejì jẹ́.

Neil Rackham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ jókòó ti àwọn olùtajà láti wo ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an, wọ́n sì wo ìpàdé olùtajà àti oníbàárà tó tó 35,000 kí wọ́n tó tẹ àbájáde wọn jáde ní 1988. Nínú ìpàdé tó yọrí sí rere, oníbàárà ló ń sọ̀rọ̀ jù. Olùtajà ń bi í ní ìbéèrè. Ọgbọ́n tí a fi ń ti oníbàárà sí ìparí, èyí tí àwọn olùtajà àtijọ́ fi ń yangàn, kò ṣe ohun tí a rò nígbà tí ọjà bá tóbi. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú kíka olùtajà. Ní 1975, Charles Goodhart, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé bí àwọn aláṣẹ bá ti gbára lé àmì kan láti fi darí nǹkan, àmì náà kì í pẹ́ tí kì í fi í ṣeé gbára lé mọ́. Báǹkì Wells Fargo ní Amẹ́ríkà fi èyí kọ́ gbogbo ayé lọ́gbọ́n. Wọ́n ní oníbàárà tó bá ní àkáǹtì àti káàdì púpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ló fẹ́ràn àwọn jù, èyí tó lè jẹ́ òótọ́. Wọ́n wá sọ ọ́ di àfojúsùn pé kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní mẹ́jọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tí iye yìí ń lé kiri bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àkáǹtì fún àwọn ènìyàn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, àwọn aláṣẹ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 185 dọ́là lé báǹkì náà, ó sì hàn síta pé wọ́n ti lé òṣìṣẹ́ bí 5,300 kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ńbà tó dúró fún ìfẹ́ oníbàárà tẹ́lẹ̀ ti wá dúró fún ìbẹ̀rù òṣìṣẹ́.

Nínú ìṣirò ìfiwéra owó, a ń fi iye kan nínú ìwé owó pín òmíràn, kí a lè fi ilé-iṣẹ́ kékeré wé ńlá, tàbí kí a fi ọdún yìí wé èṣí. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kan tí mo fi ọkàn dá. Ó ní owó 20 lọ́wọ́, àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ ní 80, ọjà tó wà nílẹ̀ tó 200. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 300. Gbèsè tó gbọ́dọ̀ san láàárín ọdún kan jẹ́ 150. Bí a bá fi 150 pín 300, a ó rí 2, èyí tí ìwé àtijọ́ máa ń yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọjà tó wà nílẹ̀ kúrò, nítorí pé ọjà kì í ṣe owó títí di ìgbà tí ẹnì kan bá rà á, ó ku 100 tí yóò dojú kọ gbèsè 150, ìyẹn 0.67. Ìdáhùn ti yí padà. A ó wá bèèrè bí ọjà náà ṣe ń yá sí. Ọjà tí wọ́n tà lọ́dún náà ná wọn ní 600, èyí túmọ̀ sí pé ọjà ilẹ̀ yí po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ń lo nǹkan bí ọjọ́ 122 kí ó tó kúrò nílẹ̀. Wọ́n ta gbogbo rẹ̀ ní 730, láwìn. Pẹ̀lú 80 tó ṣì wà níta, ọjọ́ 40 ni owó ń gbà kí ó tó wọlé. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí ọjà wọlé títí di ọjọ́ tí owó rẹ̀ dé ọwọ́, ọjọ́ 162 ni. Bí àwọn tó ń kó ọjà fún wọn bá ń fẹ́ owó wọn lẹ́yìn ọjọ́ 30, 2 tí a yìn lẹ́ẹ̀kan kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Àpẹẹrẹ yìí kan náà ń tú àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ fó. Èrè orí ọjà náà jẹ́ 130. Bí a bá fi wé iye tí wọ́n rà á, ó jẹ́ nǹkan bí ìdá 21.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá fi wé iye tí wọ́n tà á, ó jẹ́ 17.8. Ẹni tó bá ń fi iye kejì díwọ̀n èrè tó sì ń fi iye kìíní dá owó ọjà, yóò máa ṣe kàyéfì níbi tí èrè rẹ̀ ń gbà lọ.

Ìṣirò wọ̀nyí tún ṣeé ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láìpurọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ní 300 tí ó sì jẹ gbèsè 200 wà ní 1.5. Bí ó bá san 100 nínú gbèsè náà ní ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, yóò ku 200 sí 100, ìyẹn 2. Kò lówó sí i, kò sì tòṣì sí i. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń wo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, kí n sì wo àárín ọdún bí mo bá rí i. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún.

Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run; ìdí nìyí tí Edward Altman ti Yunifásítì New York fi gbìyànjú ní 1968 láti pa ìṣirò ìfiwéra márùn-ún pọ̀ di iye kan ṣoṣo. Ó lo ilé-iṣẹ́ 66 tó ń ṣe ọjà jáde, 33 nínú wọn ti kógbá wọlé, 33 ṣì ń bẹ. Èyí tí iye rẹ̀ kò bá tó 1.81 wà nínú ewu. Èyí tó bá ju 2.99 lọ, ara rẹ̀ le. Ó tọ̀nà lórí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn bí ó bá ku ọdún kan kí ìkógbáwọlé tó dé, ṣùgbọ́n ó lọ sílẹ̀ sí 72 bí ó bá ku ọdún méjì. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà gidigidi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e lọ bá báǹkì, tí gbèsè jẹ́ ohun tó fi ń ṣòwò, ti gbé òṣùwọ̀n aṣọ lọ wọn omi.

Mo ṣèlérí pé a ó padà sórí òdo. Èrè kì í ṣe ohun tó ń dúró lórí òdo, nítorí ó lè di àdánù. Owó àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà lè lọ sísàlẹ̀ òdo bí gbèsè bá ju ohun ìní lọ. Ìṣirò kan tí àwọn olùdókòwò fẹ́ràn ni kí a fi owó àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ pín èrè. Ẹ wo ilé-iṣẹ́ tó pàdánù 10 lọ́dún yìí, tí gbèsè rẹ̀ sì fi 50 ju ohun ìní rẹ̀ lọ. Àìní pín àìní di níní: kọ̀ǹpútà yóò kọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, láìsí àmì ìyọkúrò kankan níwájú rẹ̀. Ẹ lè to irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ mọ́ ti ilé-iṣẹ́ tó jèrè 10 lórí owó 50, kí wọ́n wà lójú ewé kan náà, ní ìlà kan náà, kí ẹni tó ń kánjú má sì rí ìyàtọ̀ wọn. Mo ní ìwé owó ilé-iṣẹ́ méjì tí mo fi ọkàn dá níbí, tí a yọ orúkọ kúrò lára wọn, tí méjèèjì fi 20 hàn. Ẹ gbé e wò láàárín ara yín, kí ẹ sọ èwo ni ẹ máa yá lówó, kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.